Ìbéèrè Kan, Ìdáhùn Mẹ́fà: Àkọsílẹ̀ Ìdánrawò Kan Tó Ń Gba Àṣìṣe Wọlé

Ẹ̀ka ìmọ̀ òwò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìbéèrè ìdánrawò kan tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fẹ́ràn gan-an. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: sìtátísíìkì, ìmójútó ọjà, àti kíkọ kóòdù. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe é nílé, á tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì máàkì í lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Iye páálí ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan tà ní ọjọ́ mẹ́wàá ni 42, 55, 48, 61, 50, 39, 58, 47, 53, 47. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà tuntun máa ń gbà kó tó dé. Ẹ ṣírò reorder point fún service level 95%."

Service level 95% ni pé, nínú ìgbà 100 tí a bá béèrè ọjà, a kò fẹ́ kó ju ìgbà 5 lọ tí ọjà máa tán kí tuntun tó dé. Reorder point ni iye tí ọjà inú ilé gbọ́dọ̀ kù sí kí a tó béèrè fún òmíràn. Apá méjì ló ní: ohun tí a retí pé a máa tà kí ọjà tuntun tó dé, àti safety stock, ìyẹn èyí tí a fi pamọ́ de ìgbà tí títà bá ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe yẹ, nítorí ibi tí ọ̀nà ti ń pín ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìpíndọ́gba ọjọ́ mẹ́wàá náà jẹ́ 50 gééré. Tí a bá yọ 50 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a fi ohun tó kù lọ́po ara rẹ̀, tí a sì ro gbogbo wọn pọ̀, 426 la máa rí. Ọjọ́ mẹ́wàá yìí kọ́ ni gbogbo ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà máa fi tajà. Sample ni, díẹ̀ tí a bù wò kí a lè mọ bí ìyókù ṣe rí. Ìpíndọ́gba 50 tí a fi wọn ìtànká sì wá látinú nọ́ńbà mẹ́wàá kan náà, nítorí náà ó sún mọ́ wọn ju bí ìpíndọ́gba tòótọ́ ì bá ti sún mọ́ wọn lọ, ìtànká tí a rí á sì kéré ju bó ṣe yẹ. A fi 9 pín dípò 10 láti tún un ṣe: 426 ÷ 9 = 47.33, square root rẹ̀ sì jẹ́ 6.8799. Standard deviation nìyẹn, òṣùwọ̀n bí títà ṣe ń fọ́n kúrò ní ìpíndọ́gba, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní s.

Ní ti 95%, ohun kan ṣoṣo ló ń wò, pé kí ọjà má tán. Kò ka èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀gbẹ́ kan la ṣe ń wò. z ni iye s tí a máa fi kún ìpíndọ́gba kí ààbò tó pé, bí títà bá tẹ̀ lé normal distribution, ìtànká tó rí bí agogo. Fún 95%, z jẹ́ 1.645. Fún ọjọ́ mẹ́rin, variance, ìyẹn 47.33 tí a kò tíì wá square root rẹ̀, la máa ń lọ́po, kì í ṣe s: 4 × 47.33 = 189.33, square root rẹ̀ 13.76, èyí tó jẹ́ s lọ́nà 2. Nítorí náà:

safety stock = 1.645 × 6.8799 × 2 = 22.63
reorder point = 50 × 4 + 22.63 = 222.63

A kì í ta ìdá páálí. Bí a bá já a wá sí 222, ààbò 95% kò ní pé mọ́, a gbọ́dọ̀ gbé e sókè sí 223. Nọ́ńbà yìí nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbà.

Nígbà tó yá ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ wọn tọkàntọkàn gba òdo. Àwọn mìíràn gba máàkì pípé, wọn kò sì lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ìdáhùn tó ń wọlé jẹ́ oríṣi mẹ́fà: 221, 222, 223, 226, 227 àti 246.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn olùkọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ pọ́ìntì ni, pé ibi tí kálukú ti gé nọ́ńbà ló yàtọ̀, wọ́n wá fi àyè 5% sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. 5% nínú 223 jẹ́ bíi 11, nítorí náà gbogbo ohun tó wà láàárín 212 sí 234 di èyí tó tọ́. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Nínú oríṣi mẹ́fà, 246 nìkan ló kù síta. Ẹjọ́ parí. Ìdánwò dé, wọ́n béèrè safety stock nìkan, àwọn tí kọ̀ǹpútà ti ń fún ní máàkì pípé sì kọsẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Ìdí rẹ̀ hàn tí a bá fi nọ́ńbà méjì síra. Ẹni tó fi 10 pín 426 dípò 9 máa rí 6.5269. Àṣìṣe tó ju 5% díẹ̀ lọ nìyẹn lára s. Safety stock tirẹ̀ á jẹ́ 21.47 dípò 22.63. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá da 200 lé méjèèjì, 221.47 àti 222.63 ni, ìyàtọ̀ wọn kò ju bíi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Páálí 200 tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní ló bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi àyè sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ tó ń dán wò wà gan-an, kó tó di pé nọ́ńbà ńlá kan bò ó.

Wọ́n pa àyè náà rẹ́, wọ́n sì gbé ọ̀nà àbáyọ jáde lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ fún gbogbo kíláàsì. Kò pẹ́ tí 223 fi di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Kò sí ohun tó kù láti dán wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta dára ju méjì àkọ́kọ́ lọ: kóòdù kan á máa fa nọ́ńbà mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, á sì ṣírò ìdáhùn tirẹ̀ fún un. Dída ìdáhùn kọ dópin lóòótọ́. Àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yíwọ́, nítorí ọ̀rẹ́ méjì kan gbé kóòdù wọn wá sọ́dọ̀ olùkọ́. Wọ́n jọ kọ ọ́ ni, ìlà kan kò yàtọ̀ sí ìkejì, dátà nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀kan yege, ìkejì gba òdo.

Olùkọ́ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìlà tó ń ṣírò s kà báyìí:

s = np.std(d)

np ni NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò nínú Python. Ó máa ń fi n, ìyẹn iye nọ́ńbà tó wà nínú dátà, pín, àyàfi tí a bá kọ ddof=1 sí i kó lè fi n−1 pín. Kóòdù méjèèjì ló ṣì í ṣe. Èyí tó yege ní dátà tí kò jìnnà síra: àpapọ̀ ìlọ́po tirẹ̀ (irú 426 ti ìṣáájú) jẹ́ 100 péré, ìpíndọ́gba rẹ̀ 50. Tí a bá fi 9 pín, s jẹ́ 3.33, reorder point á sì jẹ́ 210.97. Tí a bá fi 10 pín, s jẹ́ 3.16, reorder point á jẹ́ 210.40. Ẹ gbé méjèèjì sókè, 211 ni. Ọ̀nà tó tọ́ àti ọ̀nà tó wọ́ pàdé ní ẹnu ọ̀nà kan náà. Ẹnì kejì, tí dátà tirẹ̀ fọ́n káàkiri, kò rí ibi sá pamọ́ sí.

Olùkọ́ náà wá béèrè irinṣẹ́ tí kálukú ń lò, ohun tó rí sì bani nínú jẹ́. Tí o bá pe .std() nínú pandas, irinṣẹ́ Python mìíràn, n−1 ló ń lò. sd() inú R, èdè kóòdù fún sìtátísíìkì, náà bẹ́ẹ̀. Excel ní méjì, STDEV.S fún sample, STDEV.P fún gbogbo rẹ̀ pátá. Módù statistics inú Python fúnra rẹ̀ ní stdev àti pstdev. Ìyẹn ni pé ẹni tó lo pandas ń yege, ẹni tó lo NumPy ń kùnà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró bi ara rẹ̀ pé kí ni mo fi pín. Irinṣẹ́ ni ìdánrawò náà ń máàkì, kì í ṣe òye.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti yí ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Èèyàn mélòó ló kùnà?" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tó débẹ̀. Wọ́n padà sórí dátà àtijọ́, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ gbogbo wọn.

246 rọrùn: ẹni náà fi 4 lọ́po s dípò square root 4, safety stock rẹ̀ wá di 45.27. 227 ni ti ẹni tó mú 1.96. 1.96 yìí pín 5% sí ẹ̀gbẹ́ méjì, 2.5% lókè, 2.5% nísàlẹ̀, nítorí náà ààbò 97.5% ló ṣírò, láìmọ̀. 221 ni ti ẹni tó fi n pín, tó wá lo round(), èyí tó ń mú nọ́ńbà lọ sí odidi tó sún mọ́ ọn jù.

Wàhálà wà lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ọ̀nà méjì ló dé 222: ẹni tó fi n pín, tó sì gbé 221.47 sókè bó ṣe yẹ, àti ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa títí dé 222.63, tó wá fi int() gé ìdí rẹ̀ dànù. Àìsàn méjì tó yàtọ̀ síra ni, àmì kan náà ni wọ́n ń fi hàn, olùkọ́ tó bá ń wo 222 nìkan kò lè mọ èyí tó máa tọ́jú. 223 pàápàá kò mọ́: ẹni tó lo round() láìrò pé ó yẹ kí a gbé e sókè ríbẹ̀ gba, nítorí pé .63 ń lọ sókè fúnra rẹ̀.

226 ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n rò pé ti ẹni tó mú 1.96 tó sì tún fi n pín ni, torí ìyẹn ń fún wa ní 225.59. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n pè láti ṣàlàyé tirẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn nínú ìwé. Ó fi ìka tọ́ka sí 1.833, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé tí sample bá kéré, tí a ò sì mọ standard deviation tòótọ́, t la máa lò. Mẹ́wàá péré ni nọ́ńbà yìí." Òótọ́ ló sọ. t ló ń rọ́pò z fún irú sample bẹ́ẹ̀. t fún 0.95 pẹ̀lú degrees of freedom 9 (ìyẹn n−1) jẹ́ 1.833, ẹ fi lọ́po 6.8799 àti 2, 25.22 ni, reorder point 225.22, ẹ gbé e sókè, 226. Irú sample kékeré báyìí gan-an ni William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ Guinness ní Dublin, ń bá fà á tó fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí t jáde ní 1908 pẹ̀lú orúkọ ìbòjú "Student". Z ni ọ̀pọ̀ ìwé ìmójútó ọjà ń lò, ó sì ti di àṣà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìbéèrè náà tó sọ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì sìtátísíìkì, kíláàsì òwò sì fún un ní òdo nítorí rẹ̀. Ìbéèrè ló ṣẹ̀ é. Wọ́n dá máàkì rẹ̀ padà, wọ́n sì gbà pé àwọn ní láti tún ìbéèrè náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àtúnkọ àkọ́kọ́ kò dára. Wọ́n kọ gbogbo òfin sí i: ẹ lo n−1, ẹ lo z = 1.645, ẹ fi √4 lọ́po, ẹ gbé e sókè. Gbogbo èèyàn á ṣe é gba, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìpinnu kankan tó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe. Ẹni tó bá mọ bọ́tìnì tẹ̀ á yege. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀ jálẹ̀, ó sì dára tó kọ̀. Ohun tó dábàá ni pé kí wọ́n kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé-iṣẹ́ náà débi pé ẹni tó bá ronú á rí òfin tó yẹ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè wá di báyìí:

"Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi títà ọjọ́ márùn-ún tó kọjá díwọ̀n bí àwọn ọjọ́ tó ń bọ̀ ṣe máa rí. Iye páálí tó tà ni 100, 170, 120, 70, 140. Títà ọjọ́ kan kò ní í ṣe pẹ̀lú ti ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rin gééré ni ọjà tuntun ń gbà kó tó dé. Nínú ìgbà 100 tí ilé-iṣẹ́ náà bá béèrè ọjà, kò fẹ́ kó ju ìgbà 5 lọ tí ọjà máa tán kí tuntun tó dé. Odidi páálí nìkan ló ń tà. Ẹ lo normal distribution. Ẹ kọ (a) standard deviation títà ọjọ́ kan, (b) safety stock, (c) reorder point."

"Díwọ̀n bí àwọn ọjọ́ tó ń bọ̀ ṣe máa rí" ló ń pe n−1. "Kò ní í ṣe pẹ̀lú ti ọjọ́ kejì" ló ń jẹ́ kí variance ṣeé ròpọ̀, tí √4 fi jáde. "Kó ju ìgbà 5 lọ tí ọjà máa tán" ló ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni. Normal distribution, èyí tó ń pe z dípò t, nìkan ni wọ́n sọ ní gbangba, nítorí pé àṣà ni, kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wò nínú ìtàn náà tó máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo dátà náà pẹ̀lú. Ìpíndọ́gba jẹ́ 120, àpapọ̀ ìlọ́po 5800. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín nọ́ńbà kù sí márùn-ún ni. Ẹni tó fi n pín máa ń rí √((n−1)/n) nínú s tó yẹ kó rí: tí n bá jẹ́ 5, s rẹ̀ á fi nǹkan bíi 10.6% kéré, tí n bá jẹ́ 10, 5.1%, 30, 1.7%, 100, ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní dátà 100 láti fi dán n−1 wò ti fi àṣìṣe náà pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba: 38.08 fún ẹni tó fi 4 pín, 34.06 fún ẹni tó fi 5 pín.

Ìdáhùn tó tọ́ jẹ́ 480 + 125.28 = 605.28, ìyẹn 606. Ẹni tó fi n pín á dé 593. 1.96 á dé 630, 1.96 pẹ̀lú n á dé 614, t á dé 643, ẹni tó fi 4 lọ́po s á dé 731. Ẹni tí kò gbé e sókè, yálà ó lo round() tàbí int(), á dúró sí 605. Kálukú wà lójú ilé tirẹ̀.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, kóòdù tó ń fa dátà ti gbọ́n sí i. Á ṣírò ọ̀nà tó tọ́, á ṣírò gbogbo ọ̀nà òdì tí wọ́n ti mọ̀, bí méjì nínú wọn bá sún mọ́ra ju páálí mẹ́ta lọ, á da dátà yẹn nù, á fa òmíràn. Àìgbé-sókè nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, torí páálí kan ni ìyẹn máa ń fi yàtọ̀. Wọ́n tún ní kí ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì nínú ìdáhùn tó tọ́ wà láàárín .1 àti .4. Bí kò bá dé ìdajì, round() kò ní ríbi fara pamọ́. Bí kò bá sún mọ́ odidi nọ́ńbà, ìdọ̀tí kékeré tí kọ̀ǹpútà ń fi sílẹ̀ kò ní ba ìdáhùn jẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn kò tó nǹkan, kó kọ math.ceil((0.1 + 0.2) * 10) nínú Python, 4 ló máa rí.

Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún ẹni tó ṣì í ṣe yí padà pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, "Kò tọ́" ni. Ẹni tó bá kọ 34.06 báyìí á rí i pé, "Ọjọ́ márùn-ún yìí nìkan lo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni, àbí àwọn tó ń bọ̀?" Ẹni tó bá fi 1.96 ṣe é á rí i pé, "Bí ọjà bá ṣẹ́kù, ṣé ìyẹn wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí ń sá fún?" Wọn kò sọ ìdáhùn fún un, àṣìṣe rẹ̀ gan-an ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa pín máàkì. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa máàkì a, b àti c lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tó tọ́. Kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n fún èèyàn mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe é, láìbá wọn sọ nǹkan kan ju ohun tó wà nínú ìwé lọ: ọ̀kan pẹ̀lú Excel, ọ̀kan pẹ̀lú Python, ọ̀kan pẹ̀lú bírò àti tábìlì z. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dé 606. Ẹni kẹta dé 605. Wọ́n rò pé ó gbàgbé láti gbé e sókè. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò: 1.64 ló mú nínú tábìlì, safety stock rẹ̀ jẹ́ 124.90, reorder point 604.90, ó sì gbé e sókè sí 605 bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Wọ́n fi àyè 0.5% sílẹ̀ fún (b), tí 1.64, 1.645 àti 1.65 fi lè wọlé, tí 112.05 ti ẹni tó fi n pín kò sì lè wọlé bí (a) bá jẹ́ 38.08. Kí àṣìṣe kan má bàa jẹ máàkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n tún ní kí kọ̀ǹpútà máa fi (a) tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ ṣírò (b), kó fi (b) tirẹ̀ ṣírò (c), bí (a) náà bá ṣáà ti ju òdo lọ, tí kò sì ju 100 tó wà láàárín nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù. Ọjọ́ kejì ni ìbéèrè náà tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.